Transístọ̀ kan náà, símúlétọ̀ méjì, ìdáhùn méjì: ibo ni ìyàtọ̀ ti ń wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya sákíìtì kékeré kan tó ń mú ohùn tóbi, tó ní transístọ̀ 2N3904 méjì, sínú LTspice, símúlétọ̀ kan (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí sákíìtì ṣe máa ṣiṣẹ́). Kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú transístọ̀ àkọ́kọ́ kọjá bá ohun tí mo fi ọwọ́ ṣírò mu. Mo gbé sákíìtì yẹn lọ sínú ngspice, símúlétọ̀ mìíràn, mi ò yí résísítọ̀ kankan padà, kọ́rẹ́ǹtì náà sì di nǹkan mìíràn. Mo tún ní fáìlì MOSFET (irú transístọ̀ mìíràn) kan tí wọ́n kọ LEVEL=49 sí, nọ́ńbà tó ń yan irú ìdọ́gba tí símúlétọ̀ máa lò: símúlétọ̀ kan gbà á, èkejì kọ̀ ọ́. Mo ti fún RELTOL pọ̀ títí, kò tu irun kankan lára ìyàtọ̀ náà. Èwo nínú wọn ni kí n gbà gbọ́, báwo ni mo sì ṣe lè mú kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ RELTOL yẹn, torí iṣẹ́ ńlá lẹ ti ṣe níbẹ̀ láìmọ̀. RELTOL ni símúlétọ̀ fi ń mọ̀ pé ìṣirò òun ti sún mọ́ òótọ́ tó láti dúró. Bí ẹ bá fún un pọ̀ tí èsì kò sì mira, a jẹ́ pé símúlétọ̀ méjèèjì ti yanjú iṣẹ́ tó wà níwájú wọn dáadáa. Iṣẹ́ tí ẹ gbé ka iwájú wọn ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Nítorí náà mi ò ní bá yín dá sí èwo ni kí ẹ gbà gbọ́ àti èwo ni kí ẹ máà gbà gbọ́. Ohun tí a ń wá ni ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti yapa, ibẹ̀ kò sì pọ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá ti rí irú èyí, RELTOL, GMIN àti METHOD, àwọn àṣàyàn tó ń darí bí símúlétọ̀ ṣe ń ṣírò, ni wọ́n máa ń sáré lọ bá. Èmi máa ń fi wọ́n sí ìkẹyìn. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ọ̀rọ̀ inú mọ́dẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ (ìlà .model tó ń fi iye ṣàpèjúwe transístọ̀ fún símúlétọ̀), lẹ́yìn náà ìwọ̀n ìgbóná, lẹ́yìn náà irú ìdọ́gba tí símúlétọ̀ ń lò. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní kọjá ibẹ̀ kí ẹ tó rí i.

Ẹ wá wo 2N3904 yín. Orúkọ lásán ni "2N3904". Kò sí òfin kankan tó ní kí gbogbo ilé ìkówèésí mọ́dẹ́ẹ̀lì kọ nǹkan kan náà sí abẹ́ orúkọ yẹn. Èyí tó wà nínú LTspice bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
.model 2N3904 NPN(IS=1E-14 VAF=100 Bf=300 IKF=0.4 XTB=1.5 BR=4
+ CJC=4E-12 CJE=8E-12 RB=20 RC=0.1 RE=0.1 ...)
```

Èyí tó tàn káàkiri jù lọ nínú àwọn fáìlì tí àwọn èèyàn ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó wá láti inú ìdílé PSpice, símúlétọ̀ mìíràn, nìyí:

```
.model 2N3904 NPN(Is=6.734f Xti=3 Eg=1.11 Vaf=74.03 Bf=416.4
+ Ne=1.259 Ise=6.734f Ikf=66.78m Xtb=1.5 Br=.7371 ...)
```

Bí ẹ bá wo IS nìkan, kọ́rẹ́ǹtì kékeré tí ìṣirò transístọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé láti gba 1 mA kọjá, mọ́dẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ń fẹ́ nǹkan bíi 655 mV láàárín bésì àti ẹmítà, èkejì ń fẹ́ nǹkan bíi 665 mV. 10 mV yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún transístọ̀: bí ẹ bá ti bésì mọ́ fóltéèjì kan ṣoṣo, ó tó láti mú kọ́rẹ́ǹtì yí ní ohun tó sún mọ́ 50%. Bí sákíìtì yín bá ní résísítọ̀ ẹmítà, òun ló ń bo púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí kò sì ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni β, iye ìgbà tí kọ́rẹ́ǹtì kọlẹ́kítọ̀ fi pọ̀ ju ti bésì lọ. Ẹni tó bá wo BF, 300 àti 416.4, á ní mọ́dẹ́ẹ̀lì kejì ni transístọ̀ rẹ̀ ń mú kọ́rẹ́ǹtì pọ̀ jù. Òdìkejì ni. BF kì í ṣe hFE (β tí wọ́n wọ̀n) tí ẹ ń rí nínú ìwé ìtọ́ni transístọ̀. Òkè tí β ì bá dé bí kò bá sí ohun tó ń jò ni. Mọ́dẹ́ẹ̀lì kejì ní ISE àti NE, àwọn sì ni kọ́rẹ́ǹtì tó ń jò sínú bésì láìdé kọlẹ́kítọ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀ láìka ipa Early (bí fóltéèjì kọlẹ́kítọ̀ ṣe ń fi kún kọ́rẹ́ǹtì) sí, β mọ́dẹ́ẹ̀lì kejì jẹ́ nǹkan bíi 134 ní 1 mA, ó sì já wálẹ̀ dé nǹkan bíi 43 ní 1 µA. Mọ́dẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ kò ní ISE rárá, torí náà ó dúró ti 300 rẹ̀ ní 1 mA àti ní 1 µA, bíi pé transístọ̀ gidi kan wà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe sákíìtì tí kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ kéré gan-an má ṣe lo irú èyí láìmọ̀.

Ìwé ìtọ́ni 2N3904, ní tirẹ̀, fún hFE ní àyè láti 100 dé 300 ní 10 mA. Mọ́dẹ́ẹ̀lì méjèèjì ṣeé gbà. Ẹ ṣáà má ṣe lo ọ̀kan níhìn-ín kí ẹ lo èkejì lọ́hùn-ún kí ẹ tún máa dá símúlétọ̀ lẹ́bi.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń kọ .model sínú netlist (fáìlì ọ̀rọ̀ tó ń to àwọn ẹ̀yà sákíìtì) gan-an, mo sì ń fún un ní orúkọ tí kò sí nínú ilé ìkówèésí kankan, bíi QX. Bí mo bá fi 2N3904 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, símúlétọ̀ lè lọ mú tirẹ̀ wá láti inú ilé ìkówèésí rẹ̀, mi ò sì ní mọ̀. Pẹ̀lú QX, bí ọ̀rọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì bá sọnù lójú ọ̀nà, símúlétọ̀ á pariwo.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ gbé sákíìtì yín tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Transístọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi dán wọn wò. Èyí ni mo máa ń lò, nítorí pé ó ṣeé fi ọwọ́ ṣírò:

```
* idanwo transisto kan
.model QX NPN(IS=1e-14 BF=300 VAF=100 CJC=4p)
Vb b 0 DC 0.65 AC 1
Vc c 0 5
Q1 c b 0 QX
.temp 27
.options tnom=27
.op
.end
```

Ní 27 °C, kT/q (fóltéèjì tí ìwọ̀n ìgbóná ń pinnu) jẹ́ 25.865 mV. Ẹ pín 0.65 V sí i, ẹ gbé nọ́ńbà e (2.718) sí agbára èsì náà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú IS: 0.8205 mA. Fóltéèjì kọlẹ́kítọ̀ fi 4.35 V ga ju ti bésì lọ, VAF sì jẹ́ 100, torí náà ipa Early fi 4.35% kún un: 0.856 mA. Kọ́rẹ́ǹtì bésì jẹ́ 0.8205 mA tí a pín sí 300, ìyẹn 2.735 µA. Símúlétọ̀ èyíkéyìí tó bá ń lo ìdọ́gba Gummel àti Poon, èyí tí wọ́n gbé jáde ní Bell Labs ní 1970 tí gbogbo wọn ṣì ń lò títí di òní fún NPN àti PNP lásán, gbọ́dọ̀ fún yín ní iye méjì yìí. Bí ó bá yà kúrò ní ohun tó ju bíńtín lọ, ẹ má tíì padà sí sákíìtì yín.

Ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìlà .temp àti .options kúrò, kí ẹ rí ohun tí símúlétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà tí ẹ bá dákẹ́. Àwọn tó jáde láti inú SPICE Berkeley, símúlétọ̀ tó jẹ́ ìyá wọn, títí kan LTspice àti ngspice, ń lo 27 °C fún TEMP (ìwọ̀n ìgbóná transístọ̀) àti TNOM (ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n ti wọn mọ́dẹ́ẹ̀lì). HSPICE, símúlétọ̀ mìíràn, ń lo 25 °C fún méjèèjì. Ẹnì kan á ní kí ni 2 °C lè ṣe. Mo ṣírò rẹ̀: bí TEMP àti TNOM bá jẹ́ 25 pọ̀, transístọ̀ inú ìdánwò òkè yìí á gba 1.013 mA, ìyẹn 18% ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí TNOM bá sì dúró sí 27 tí ẹ sọ TEMP nìkan di 25, á gba 0.745 mA, ìyẹn 13% sí ìsàlẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì kan, fóltéèjì kan, iye mẹ́ta.

Ìdí tí ọ̀kan fi lọ sókè tí èkejì fi lọ sílẹ̀ kò le. TNOM ń sọ ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n ti wọn IS. Bí ẹ bá ní 25 ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, IS á dúró sí 1e-14, kT/q nìkan ló kéré sí i, kọ́rẹ́ǹtì á sì ga. Bí ẹ bá ní 27 ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n ṣùgbọ́n transístọ̀ ti tutù sí 25, IS fúnra rẹ̀ á dín kù gan-an, á sì fa kọ́rẹ́ǹtì wálẹ̀. Nítorí náà, TNOM jẹ́ ara mọ́dẹ́ẹ̀lì. Bí ẹni tó yọ paramítà bá ní 25 °C ni òun ti wọ̀n ọ́n, 25 ni kí ẹ kọ, kódà bí símúlétọ̀ yín bá fẹ́ràn 27. Ìlà méjì yẹn, .temp àti tnom, kò gbọdọ̀ ṣaláì sí nínú netlist tí ẹ bá fẹ́ gbé kiri.

Kí a tó dé ìdọ́gba, ẹ wo paramítà tí símúlétọ̀ fò kọjá. Vceo, Icrating àti mfg tí LTspice ń kọ sínú mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í ṣe ara ìṣirò. Àlàyé fún ẹni tó ń yan transístọ̀ ni wọ́n, bí ngspice bá ń kìlọ̀ nípa wọn, ẹ má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n inú ìkìlọ̀ wọ̀nyẹn náà ni èyí tó ń ṣe pàtàkì máa ń sápamọ́ sí. RCO, VO, GAMMA àti QCO ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe bí transístọ̀ ṣe ń fà sẹ́yìn nígbà tí fóltéèjì kọlẹ́kítọ̀ bá kéré. Símúlétọ̀ tí kò mọ̀ wọ́n á fò wọ́n, transístọ̀ agbára yín á sì dára ju bó ṣe yẹ lọ. PSpice tún ní àṣà kan: bí ISE bá ju 1 lọ, kì í kà á sí ámpíà, iye tí yóò fi sọ IS di púpọ̀ ló ń kà á sí. Ẹni tó gbé ISE=2 láti ibẹ̀ lọ síbòmíràn ti fún transístọ̀ rẹ̀ ní ámpíà méjì láti máa jò. Ẹ ka log, fáìlì tí símúlétọ̀ ń kọ ìkìlọ̀ sí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tán.

Lórí ìwọ̀n, M jẹ́ mílì nínú SPICE, MEG ni mílíọ̀nù. Spectre, símúlétọ̀ mìíràn, ń fi lẹ́tà ńlá àti kékeré ṣe ìyàtọ̀, M sì jẹ́ mílíọ̀nù níbẹ̀. Kápásítọ̀ tí ẹ kọ ní 1F kì í ṣe fárádì kan, fẹ́mútò kan ni. Bí ẹ kò bá fẹ́ ìyọnu, ẹ kọ 1e-3 àti 1e6.

Ó tún ku ẹsẹ̀ transístọ̀. Q nínú SPICE ń to kọlẹ́kítọ̀, bésì, ẹmítà. 2N3904 tó wà nínú àpò TO-92, ẹsẹ̀ 1 rẹ̀ ni ẹmítà, 2 ni bésì, 3 ni kọlẹ́kítọ̀. Ètò ìyàwòrán sákíìtì tó bá gbé nọ́ńbà ẹsẹ̀ sínú netlist tààrà á yí kọlẹ́kítọ̀ àti ẹmítà padà. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé sákíìtì náà ò ní kú. Transístọ̀ á máa ṣiṣẹ́ sẹ́yìn pẹ̀lú BR (β nígbà tí transístọ̀ bá yí padà) dípò BF, ìmúpọ̀ á sì kéré. Ẹ tún wo àwòrán àti netlist yín pa pọ̀, torí ngspice tí wọ́n ń lò láti inú ètò mìíràn máa ń bọ́ sọ́wọ́ irú èyí.

Ó yá, MOSFET. Ibí ni wàhálà gidi wà, ìtàn ló sì fa á. Ní 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé SPICE jáde ní Yunifásítì California ní Berkeley. Laurence Nagel ló kọ ọ́, Donald Pederson sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà. SPICE2 tẹ̀lé e ní 1975. Wọ́n fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé e, wọ́n sì ń kún un bó ṣe wù wọ́n. LEVEL 1, 2 àti 3 ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pínyà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú ń fún mọ́dẹ́ẹ̀lì tuntun ní nọ́ńbà tó bá wù ú.

BSIM3, mọ́dẹ́ẹ̀lì MOSFET tí Berkeley náà ṣe, 8 ni LEVEL rẹ̀ nínú LTspice àti ngspice, 7 nínú PSpice, 9 nínú Xyce, 49 tàbí 53 nínú HSPICE. BSIM4 jẹ́ 14 nínú LTspice, ngspice àti Xyce, ó sì jẹ́ 54 nínú HSPICE. ngspice gba 49 àti 54 mọ́ tirẹ̀ nítorí àwọn tó ń gbé fáìlì HSPICE wá. Fáìlì yín tó ní LEVEL=49, BSIM3 ni, èdè HSPICE ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti kọ̀ ọ́, ẹ wo nọ́ńbà tí ìwé ìtọ́ni símúlétọ̀ yẹn fún BSIM3, kí ẹ fi rọ́pò 49. Ẹ má sì ṣe yọ LEVEL kúrò kí ó lè rọrùn: símúlétọ̀ tí kò rí LEVEL á lo LEVEL 1, á fo ọgọ́rọ̀ọ̀rún paramítà BSIM yín, á sì fún yín ní ìlà tó rẹwà tí kò ní nǹkankan ṣe pẹ̀lú transístọ̀ náà.

Nọ́ńbà LEVEL nìkan kò tó. Ẹ wá VERSION nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì náà: 3.2.4 àti 3.3.0 kò ní ìdọ́gba kan náà níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni 4.5 àti 4.8 nínú BSIM4. Símúlétọ̀ mìíràn ní ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú, ó sì ń lò ó fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹ ka iye ẹ̀dà tó ní kí ẹ tó fọkàn tán an.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n MOSFET fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ W àti L (ìbú àti gígùn), SPICE Berkeley á fún yín ní 100 µm sí 100 µm. Fáìlì ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣípù tún lè ní `.option scale=1.0u` nínú, bí àpẹẹrẹ àwọn fáìlì SKY130 tí Google àti SkyWater ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn ní 2020. Pẹ̀lú irú ìlà yẹn, w=1 l=0.15 túmọ̀ sí 1 µm àti 0.15 µm. Ẹni tó bá kọ w=1u ti sọ ọ́ di 1e-12 mítà. Níwọ̀n bí mọ́dẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ti pín sí abala nípa LMIN, LMAX, WMIN àti WMAX, transístọ̀ náà kò ní rí abala kankan wọ̀, ngspice á sì sọ fún yín pé "could not find a valid modelname". Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá fáìlì tó sọnù nígbà tí wọ́n bá rí ìyẹn. Fáìlì kò sọnù. Ìwọ̀n ló ṣì.

AD, AS, PD àti PS ló ń fún mi ní ìfura jù nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì DC bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí ìyára kò dọ́gba. Àwọn ni fífẹ̀ àti àyíká dírénì àti sọ́ọ̀sì. Bí ẹ kò bá kọ wọ́n, LEVEL 1 ti Berkeley kà wọ́n sí òdo, kápásítọ̀ tó yẹ kó wà láàárín dírénì àti bọ́díì á sì pòórá. HSPICE ní paramítà ACM tó lè ṣírò wọn fúnra rẹ̀ láti inú W. Irú sákíìtì tó ń dá ìgbì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí wọ́n to inverter ní òrùka, á yára níhìn-ín ju ọ̀hún lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan tí kò dáa. Ìyàtọ̀ 49 àti 53 nínú HSPICE wà nítòsí ibí náà: 49 ń lo dáyóòdù dírénì ti HSPICE fúnra rẹ̀, 53 ń lo ti Berkeley. Bí ẹ bá lè yàn, 53 ló máa ń sún mọ́ àwọn símúlétọ̀ yòókù jù. Ẹ kọ AD, AS, PD àti PS sí gbogbo transístọ̀, kí ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

MOSFET agbára jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀. LTspice ní VDMOS, mọ́dẹ́ẹ̀lì MOSFET agbára, tó ń ṣàpèjúwe kápásítọ̀ géètì àti dírénì pẹ̀lú Cgdmax àti Cgdmin; ngspice náà ti ní VDMOS báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ símúlétọ̀ mìíràn kò ní in. Ẹ ka iye ẹsẹ̀ pẹ̀lú: LTspice máa ń kọ sọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì nínú netlist rẹ̀, ibi tí ẹ ń gbé e lọ sì lè máà retí bẹ́ẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá fún yín ní .subckt (sákíìtì kékeré tó dúró fún transístọ̀ náà), ìyẹn ló sàn láti gbé kiri, ṣùgbọ́n ẹ wo àmì ^ nínú rẹ̀. Nínú orísun B (orísun tí ìdọ́gba ń darí) ti LTspice, XOR (ọ̀kan nínú méjì, kì í ṣe méjèèjì) ni ^ jẹ́, ** ni wọ́n fi ń gbé nǹkan sí agbára. 3^2 á di 0 níbẹ̀, ngspice á sì fún yín ní 9. Fún fáìlì tó ti inú LTspice tàbí PSpice wá, ẹ fi `set ngbehavior=ltpsa` sínú .spiceinit, fáìlì ètò ngspice, fún ti HSPICE, `hsa`. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti dì pa fún PSpice nìkan, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí oògùn fún un.

Ẹ ò rí i pé a ò tíì fọwọ́ kan RELTOL. Ibi tó ti ní iṣẹ́ ni ìṣirò tó ń tẹ̀lé àkókò. TRTOL, tó ń pinnu bí ìgbésẹ̀ àkókò ṣe máa tóbi tó, jẹ́ 7 nínú SPICE Berkeley, 1 ni LTspice ń lò, torí náà ìgbésẹ̀ LTspice máa ń kéré jù. Ẹ fún méjèèjì ní ìgbésẹ̀ tó pọ̀ jù kan náà nínú .tran, kí ẹ sì yan METHOD kan náà, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò ìgbésẹ̀ bíi Gear tàbí Trapezoidal. Gear máa ń pa ìgbì tó yẹ kó máa bá a lọ nínú sákíìtì LC. Trapezoidal máa ń dá ìgbì tí kò sí sílẹ̀. LTspice sì ní ìwà kan tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nígbà tí wọ́n ń wọn ìdàrú ohùn: ó ń fún dátà ìgbì mọ́lẹ̀ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. `.options plotwinsize=0` ló ń dá a dúró. Láìsí ìyẹn, ariwo tó wà nísàlẹ̀ FFT (àwòrán fíríkúẹ́ńsì) yín kì í ṣe ti transístọ̀.

Fún mọ́dẹ́ẹ̀lì tuntun, ọ̀nà kan wà tó mọ́ ju gbogbo èyí lọ. BSIM-BULK, PSP, HICUM àti irú wọn, Verilog-A (èdè tí wọ́n fi ń kọ ìdọ́gba mọ́dẹ́ẹ̀lì) ni wọ́n fi ń gbé wọn jáde, ẹgbẹ́ Compact Model Coalition ló sì ń fọwọ́ sí wọn. Kóòdù kan náà ni gbogbo símúlétọ̀ á kà. ngspice ń gbà á wọlé nípasẹ̀ irinṣẹ́ OpenVAF àti OSDI, Xyce nípasẹ̀ irinṣẹ́ ADMS. Bí ẹ bá ní ànfààní láti yan mọ́dẹ́ẹ̀lì fún iṣẹ́ tó máa pẹ́, èyí ni kí ẹ yàn. Fún 2N3904 kan, àṣejù ni.

Ẹ padà sí ìdánwò QX yẹn nígbà tí DC bá ti dọ́gba. Mo fi AC 1 àti CJC=4p síbẹ̀ nítorí kápásítọ̀ tó wà láàárín bésì àti kọlẹ́kítọ̀. Ẹ fi ìlà yìí kún un:

```
.ac lin 1 159.155k 159.155k
```

Ní fíríkúẹ́ńsì yẹn, 2πf jẹ́ mílíọ̀nù kan géérégé, torí náà 1 pF tó wà lábẹ́ 1 V ń gba 1 µA. Ẹ wo apá ìmájínárì kọ́rẹ́ǹtì Vb. VJC àti MJC ló ń sọ bí kápásítọ̀ yẹn ṣe ń dín kù bí fóltéèjì bá ga. VJC tí wọ́n ń lò nígbà tí ẹ kò kọ nǹkan kan jẹ́ 0.75, MJC jẹ́ 0.33, fóltéèjì ìpadàsẹ́yìn jẹ́ 4.35 V, 4 pF á dín kù sí 2.12 pF, ẹ ó sì rí 2.12 µA. Bí ẹ bá rí 4 µA, símúlétọ̀ yẹn kò dín kápásítọ̀ kù pẹ̀lú fóltéèjì rárá. Bí ẹ bá rí òdo, ó fo CJC kọjá. Ẹ tún un ṣe ní 85 °C, DC àti AC, pẹ̀lú XTB, XTI àti EG (paramítà tó ń sọ ipa ìgbóná) tí ẹ fúnra yín kọ.

Bí ọ̀rọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì, TEMP, TNOM àti ìdọ́gba bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ DC láàárín símúlétọ̀ méjì kò yẹ kó ju 0.1% lọ. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nígbà tó bá ti dé 1%. Ẹ fi èsì .op (kọ́rẹ́ǹtì àti fóltéèjì DC) QX láti inú LTspice àti ngspice ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ fáìlì MOSFET yẹn. Mo fẹ́ rí VERSION, TNOM àti bóyá ACM wà níbẹ̀ kí n tó sọ nọ́ńbà tí ẹ máa fi rọ́pò 49.